Adirẹnálíìnì Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ sí Ọkàn àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn apòògùn, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti ará àdúgbò nínú gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo ti tún un kọ fún kíkà. Àwọn àwàdà tí kò ṣe é kọ sílẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀gá nídìí iṣẹ́ oògùn, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fi èrò sílẹ̀ ní gáréèjì Ìwó Road wá síbí, ẹ kú ìjókòó o. Alága ti ṣẹ́jú sí mi pé kí n má pẹ́, nítorí náà n ó wọ inú ọ̀rọ̀ lọ tààrà.

Kò sẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ adirẹnálíìnì nínú wa, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀kadà bá ṣàdédé yọ sí ẹni níwájú lójú ọ̀nà Òjóò, àyà á já, ọkàn á máa lù kìkìkì, ọwọ́ á tutù, itọ́ á gbẹ lẹ́nu. Ẹ̀yà ara kékeré kan ló jókòó sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, òun ló ń tú adirẹnálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Noradirẹnálíìnì, tí í ṣe àbúrò rẹ̀, ń jáde láti ẹnu àwọn okùn ìmọ̀lára tó wọ inú ọkàn àti ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí ọlọ́kadà náà tó kọjá tán, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó tú síta wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3, ìdajì adirẹnálíìnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Bí ara ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn: ohun ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àìsàn àti oògùn ló sọ ọ́ di ohun ọ̀sẹ̀, di ohun oṣù, di ohun ọdún. Ohun tí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe nígbà tó bá dà bẹ́ẹ̀ ni mo wá sọ lónìí.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn lẹ́nu mi. Ní 1894, George Oliver àti Edward Schäfer rí i ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé omi tí wọ́n fún láti ara ẹ̀yà orí kíndìnrín yìí ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹranko fò sókè. Ní 1901, Jokichi Takamine, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, yọ ojúlówó rẹ̀ jáde. Ohun tó wá rú àwọn onímọ̀ lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé oògùn kan náà ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kan pọ̀, ó sì ń tú òmíràn sílẹ̀. Raymond Ahlquist ló tú u ní 1948. Ó ní kì í ṣe oògùn ló yàtọ̀, olùgba tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ìpè oògùn, ló yàtọ̀. Ó pe ọ̀kan ní álífà, ó pe èkejì ní bẹ́tà. Ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí kò gbà á. Mo máa ń sọ ìyẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí wọ́n bá dá iṣẹ́ tiwọn náà padà.

Lónìí a mọ̀ pé bẹ́tà-1 ló pọ̀ jù nínú ọkàn: òun ló ń mú un lù kíákíá, kó sì lù gírígírí. Bẹ́tà-2 wà nínú ọ̀nà èémí àti lára àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara: òun ló ń tú wọn sílẹ̀. Álífà-1 wà lára àwọn iṣan àlọ awọ, ìfun àti kíndìnrín: òun ló ń fún wọn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń tutù nígbà tí ẹ̀rù bá bani.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀ ṣe àpèjúwe, lẹ́yìn èyí n ò ní ṣe àpèjúwe mìíràn mọ́. Ilé ìjọsìn kan gbé gbohùngbohùn sí ẹnu fèrèsé yín. Mi ò dárúkọ ẹ̀sìn kankan o. Lálẹ́ àkọ́kọ́ ẹ ta gìrì dìde. Lálẹ́ kejì ẹ ti fèrèsé. Nígbà tó yá ẹ yí bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ ó ra búlọ́ọ̀kù, ẹ ó mọ ojú fèrèsé náà pa. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn, ìpele sí ìpele. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí oògùn bá ti gùn lé olùgba, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní GRK á lẹ fọ́sífétì mọ́ ìdí olùgba náà nínú sẹ́ẹ̀lì; purotéènì kan tó ń jẹ́ arrestin á wá bò ó, iṣẹ́ tí oògùn rán kò ní lè wọlé mọ́. Bí oògùn kò bá kúrò, sẹ́ẹ̀lì á fa olùgba náà wọ inú. Bó bá di ọ̀pọ̀ wákàtí tàbí ọ̀pọ̀ ọjọ́, á wó o palẹ̀, á sì dín iye tuntun tó ń ṣe kù. Iṣẹ́ tí Robert Lefkowitz àti Brian Kobilka ṣe lórí àwọn olùgba wọ̀nyí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn nínú kẹ́mísírì ní 2012.

Báwo la ṣe mọ̀ pé etí sẹ́ẹ̀lì ló di, tí kì í ṣe pé ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ ló rẹ̀? Ẹ bá mi dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.

A máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ eku, tí yóò máa kán isoprenaline sí i lára lọ́sàn-án lóru fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Isoprenaline jẹ́ oògùn tó jọ adirẹnálíìnì, ṣùgbọ́n bẹ́tà nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn eku mìíràn ń gba omi iyọ̀ lásán. Lẹ́yìn náà a ó gbé yàrá òkè ọkàn wọn sínú omi tó ní iyọ̀ àti ṣúgà, tó gbóná tó 37°C, tí a ń fẹ́ ọ́síjìn sí. Yóò máa lù fúnra rẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i kì í gbàgbé: ọkàn láìsí ẹni tó ni ín, ó ń lù.

Bí a bá wá kán isoprenaline díẹ̀díẹ̀ sínú omi náà, ti eku omi iyọ̀ á máa yára sí i bí oògùn ṣe ń pọ̀ sí i. Ti eku tó ti gba oògùn tẹ́lẹ̀ á lọ́ra: oògùn púpọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi sí i kó tó dé ibi tí èkejì ti dé, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ ní débẹ̀. Ẹ ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kán kálísíọ̀mù sí i, yóò fún ara rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Ẹ kán forskolin sí i, èyí tí a rí lára gbòǹgbò ewéko kan ní Íńdíà. Forskolin kì í gba ọ̀dọ̀ olùgba kọjá, inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkàn á dáhùn. Agbára ṣì wà nílé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì.

A tún máa ń gé iṣan àlọ ńlá tó jáde láti inú ọkàn sí wẹ́wẹ́ bí òrùka, a ó fi wáyà tín-ín-rín méjì kọ́ ọ. A ó kọ́kọ́ fi phenylephrine fún un pọ̀, nípa olùgba álífà, ká tó fi isoprenaline tú u sílẹ̀. Iṣan eku omi iyọ̀ á tú. Ti eku oògùn á tú díẹ̀, á dúró. Fi nitroprusside sí i, èyí tó ń gba ọ̀nà tirẹ̀, á tú pátápátá. Nítorí náà iṣan náà kò gan. Ìpè bẹ́tà ni kò gbọ́ mọ́. Ibi tó sì ti ń dun ni pé phenylephrine tí a fi fún un pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olùgba ló ń yára dití bákan náà. Álífà-1A, tó wà lára ọ̀pọ̀ iṣan àlọ kéékèèké, jẹ́ alágídí. Kì í tètè kúrò lójú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí adirẹnálíìnì bá ń bá gbé lè wá ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ọwọ́ tó ń tú u sílẹ̀ ti rọ, tí ọwọ́ tó ń fún un pọ̀ sì ṣì le. Ìfúnpá kò ní ṣàìgòkè. Ẹran ara iṣan náà á sì máa nípọn, ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á máa há.

Ẹ ṣì máa rántí pé a kò tíì wọn ọkàn eku náà. Bí a bá wọ̀n ọ́n, ó ti tẹ̀wọ̀n ju ti èkejì lọ. Bó bá sì jẹ́ oògùn púpọ̀ la fún un, ẹ ó rí ibi tí ẹran ọkàn ti kú tí àpá sì ti bò ó. Láti 1959 ni George Rona àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ti fi èyí hàn. Kò sí iṣan tó dí nínú ọkàn àwọn eku náà o. Ọkàn ń sáré ju ọ́síjìn tó ń rí gbà lọ, kálísíọ̀mù sì ń ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì títí tí sẹ́ẹ̀lì fi kú. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn kò sì mọ bí a ṣe ń bí ọmọ púpọ̀ rọ́pò òkú. Àpá ló ń rọ́pò wọn, àpá kì í sì í lù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó ń pe dídi etí yìí ní àbùkù jiyàn. Lójú tèmi, ààbò ni. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Jámánì dá irú eku kan tí olùgba bẹ́tà-1 pọ̀ púpọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí eku náà wà lọ́mọdé, ọkàn rẹ̀ lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó ti ń dàgbà, ọkàn náà nípọn, àpá gba inú rẹ̀, ó sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ gbogbo ìpè kì í pẹ́ kó tó wó.

Ní báyìí ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ eku. Ní Ìbàdàn níbí, ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkúgbé, tó fi ayé sílẹ̀ ní 2020, ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe iṣẹ́ ìwádìí ti pẹ́, gbogbo àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí la sì ń jẹ nínú oko rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ló ń sọ ọkàn di aláàárẹ̀, ìyẹn ni pé ọkàn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde tó bí ara ṣe nílò rẹ̀: ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa há lórí ibùsùn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012, tó wo aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, tí tiwa wà nínú wọn, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 52. Ẹni ọdún 52 ṣì ń san owó ilé-ìwé ọmọ.

Bí ọkàn bá ti ń rẹ̀, ara kò mọ̀ ju ohun kan lọ: á pariwo mọ́ ọn. Noradirẹnálíìnì á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán tòru. Jay Cohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1984 pé bí iye rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó lára aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ikú ṣe sún mọ́ ọn tó. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Michael Bristow ti wo ọkàn àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún. Olùgba bẹ́tà inú ọkàn tó ti ṣàárẹ̀ ti dín kù ní bí ìdajì. Ohun tí a rí lára eku inú láàbù, òun náà ló wà lára èèyàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún wọn lóògùn. Ara wọn ló ń fún wọn.

Kí ló yẹ ká ṣe? Ọ̀pọ̀ dókítà ayé ọjọ́un ló ní ká fi kún ariwo náà. Ó bọ́gbọ́n mu lójú, àbí? Ọkàn kò lágbára, ẹ fún un ní amúniṣiṣẹ́. Xamoterol, oògùn tó ń ta bẹ́tà-1 jí díẹ̀díẹ̀, wọ inú ìdánwò lára àwọn tí àárẹ̀ ọkàn wọn ti le, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1990: ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ló kú. Àwọn tó lo oògùn òfìfo, ìdá 3.7. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni milrinone oníhóró náà, tó ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣe irú rẹ̀.

Ní Gothenburg ní Sweden, Finn Waagstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe òdì kejì láti 1975. Wọ́n fún aláìsàn 7 péré ní oògùn tó ń dí ojú bẹ́tà. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ló rò pé wọ́n fẹ́ pa wọ́n ni, nítorí òfin nígbà náà ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára kò gbọdọ̀ fojú kan irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ara wọn yá sí i. Ó gbà tó nǹkan bí ọdún 24 kí ayé tó gbà wọ́n gbọ́ tán: ní 1999, ìdánwò metoprolol lára aláìsàn 3,991 àti ti bisoprolol lára 2,647 jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dín ikú kù ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń fún ni o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Bisoprolol ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.25 mg, ó sì ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí dé 10 mg. Ọkàn tó ti ń gbé ara lé ariwo, bí ẹ bá pa ariwo náà lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣubú. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ọkàn á máa sún kì, á sì máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa sí i.

Mo rí i pé àwọn awakọ̀ wa ti ń wo aago. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí ohun tó wà nínú àpò yín.

Ìnhélà búlúù tí oníkọ́ fée ń fà símú, ìyẹn salbutamol, bẹ́tà-2 ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń gba ẹ̀mí là, ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ jù ú nù nítorí ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fà á lójoojúmọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí kò ní òmíràn, ń fi gbohùngbohùn sẹ́nu fèrèsé. Ní àwọn ọdún 1960 ní England àti Wales, ikú láti ọwọ́ ikọ́ fée ga láàárín àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí ìnhélà isoprenaline alágbára gbòde. Ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní New Zealand láti 1976 pẹ̀lú fenoterol. Sìtẹ́rọ́ọ̀dì tí a ń fà símú ń dín ewu náà kù, ó sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe olùgba bẹ́tà-2 tuntun. Láti 2019, ìlànà àgbáyé lórí ikọ́ fée kò fọwọ́ sí i kí àgbà tàbí ọ̀dọ́langba máa lo ìnhélà búlúù nìkan mọ́.

Oògùn tí a ń kán símú nítorí ọ̀fìnkìn, xylometazoline àti àwọn ará ilé rẹ̀, olùgba álífà ló ń lò láti fún iṣan inú imú pọ̀. Bí ẹ bá lò ó ju ọjọ́ mélòó kan lọ, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí oògùn bá ti kúrò, ẹ ó tún kán an, yóò wá di ìyípo. Mo mọ ẹni tó ti ń kán an láti ọdún mélòó kan, tó sì búra pé ọ̀fìnkìn òun kò ní ìwòsàn.

Oògùn àti tíì ìsanra-kù, ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Phenylpropanolamine, tó máa ń wà nínú oògùn ikọ́ àti ti ìsanra-kù, ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó kúrò lórí igbá ní 2000 nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya nínú ọpọlọ àwọn obìnrin. Ephedra, egbòogi ìsanra-kù kan, tẹ̀ lé e ní 2004. Èyí tí wọn kò sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára páálí rárá, mi ò ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ìyẹn. Ní ti methamphetamine tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní àìsì, noradirẹnálíìnì tirẹ gan-an ló ń lé jáde kúrò níbi tó sùn sí, ó sì ń sọ ọkàn ẹni ọgbọ̀n ọdún di ti arúgbó tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ló sì ń kó wa sí wàhálà jù níbí. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ wọn parí sí "lol": propranolol, atenolol àti àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n bá ti dí ojú bẹ́tà fún oṣù púpọ̀, ìdàkejì ohun tí mo ti ń sọ ló ń ṣẹlẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ ohun kankan, ó sì ń ṣe olùgba kún olùgba. Owó tán, tàbí ara yá, tàbí wòlíì ní kó má lò ó mọ́, aláìsàn dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Adirẹnálíìnì ojoojúmọ́ lásán á wá bá olùgba tó pọ̀ jaburata. Ọkàn á sáré, ìfúnpá á fò, àyà á ro ẹlòmíràn, òmíràn á kó sínú àìsàn ọkàn tó ń pani. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ lọ bá dókítà, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin apòògùn, bí aláìsàn bá sọ fún yín pé owó òun kò ká páálí kan, ẹ ta ìdajì fún un. Ẹ má jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, bàbá awakọ̀ kan dìde. Wọ́n ní: "Dókítà, ẹ ṣé o. Ẹ ti sọ ti oògùn. Ẹni tí wọ́n bá wá bá sọ pé ọmọ rẹ̀ kú ńkọ́, tí òun náà ṣubú lulẹ̀? Ṣé adirẹnálíìnì náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ó lè jẹ́ òun. Àwọn dókítà Japan ló kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1990. Ìjayà tàbí ìbànújẹ́ ńlá lè tú adirẹnálíìnì jáde lọ́pọ̀ yanturu débi pé ìsàlẹ̀ ọkàn á dẹ́kun fífún ara rẹ̀, á wú bọ̀ǹbọ̀, nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ nǹkan oṣù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn ń padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bàbá tún béèrè pé ṣé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi nílé nígbà náà. Mo ní rárá o: àyà ríro rẹ̀ àti àwòrán ìlù ọkàn tí ẹ̀rọ ECG ń yà kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí, ilé ìwòsàn nìkan ló lè mọ èyí tó jẹ́, nítorí náà ẹ gbé e sínú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.